Mẹ́tàdínlógún Lẹ́yìn Akọ̀wé

1.
…Àjíkẹ́, ìyáálé Mùjíbátù, ṣì wà láyé nígbà náà. Ọkọ Mùjíbátù ṣì wà, ó ṣì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Lalúpọn. Ọládòṣù náà wà láyé.

Ká tún un sọ. Ọládòṣù náà wà láyé.

2.
Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Ọládòṣù nígbà tí Mùjíbátù wọlé ọkọ. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ ni. Kò dárúkọ rẹ̀ rí. Akọ̀wé ló ń pè é, nítorí síléètì tí kì í kúrò lábíyá rẹ̀.

3.
Oṣù kọkànlá, 1990. Ìdìbò kánsílọ̀ kù díẹ̀; Ọládòṣù àti Jùbrílù ló ń du ipò náà. Fìyìnfólúwa, ọmọ yunifásítì, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Yóò kọ ohun tí wọ́n bá sọ. Lẹ́yìn ìdìbò, yóò padà wá wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe.

FÌYÌN: Ẹ̀yìn ta lẹ máa tò sí, Ìyá? Ọládòṣù àbí Jùbrílù?
MÙJÍBÁTÙ: Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé ìyàwó ilé máa já ọkọ rẹ̀ jù síta níwájú àlejò ni?
FÌYÌN: Mo fẹ́ bi àwọn ìyàwó ilé yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan.
MÙJÍBÁTÙ: Nínú oòrùn yìí? Wọ́n wà lóko. Mẹ́tàdínlógún ni wá. Ẹ̀yìn Akọ̀wé ni gbogbo wa wà. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bu gàrí jẹ, ó ṣì gbóná.

4.
Kò bi ẹnì kankan nínú wọn.

5.
*(Ìwé tí Fìyìnfólúwa lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwé)*

OHUN TÍ ARÁ ÌLÚ SỌ
Nínú ọgọ́rùn-ún:
Ọládòṣù . . . . . 71
Jùbrílù . . . . . 22
Kò tíì dá wọn lójú . . . . . 7

Ọládòṣù kà á lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ náà, kò wọ ilé ẹnikẹ́ni mọ́. "Kí ni mo tún ń bẹ̀ wọ́n fún?"

Jùbrílù ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé. Ó ń bá àwọn obìnrin bó ẹ̀gẹ́.

6.
Ní ọjọ́ ìdìbò, kò sí pé à ń tẹ̀ka. Wọ́n lẹ àwòrán méjì mọ́ ògiri, o tò sẹ́yìn ẹni tí o fẹ́, gbogbo ayé ń wò ọ́.

Ìlà Jùbrílù ti kọjá ìdí máńgòrò.
Ti Ọládòṣù: mẹ́ta.

Mùjíbátù dúró sí àárín méjì.

ÀJÍKẸ́ *(láti inú ìlà gígùn)*: Mùjí! Ṣé ìwọ nìkan lo mọ ọkọ ọ́ fẹ́ ni? Wá síbí jàre!

Wọ́n rẹ́rìn-ín.
Ó lọ tò sẹ́yìn rẹ̀.

Ọládòṣù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ara rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn.
Tàbí ó bojú wẹ̀yìn.

7.
*(Ìwé Fìyìnfólúwa)*
Wọ́n sọ: 17
Wọ́n tò: 3
Ìyàtọ̀: 14
Ìdí: ________

FÌYÌN: Kí ló ṣẹlẹ̀, Ìyá?
MÙJÍBÁTÙ: Òjò ni.
FÌYÌN: Nínú ọyẹ́ yìí?
MÙJÍBÁTÙ: Ọmọ yìí, òjò ni mo wí.

8.
Ọládòṣù kó lọ sí Ìrókò. Kò jẹ oúnjẹ agbo ilé náà mọ́.

9.
1994. Sàníù ọmọ Ọládòṣù ránṣẹ́ sí Mùjíbátù: *Akọ̀wé yín wà lọ́sibítù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ń béèrè yín. Ẹ má pẹ́.*

Nínú ọkọ̀, Mùjíbátù ń to ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu. Gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ sọ: iye tó pè fún ọmọ yẹn, ìlà tó tò sí.

10.
ỌLÁDÒṢÙ: Ìyàwó wa. Ta ló sọ mẹ́tàdínlógún fún ọmọ yẹn?
MÙJÍBÁTÙ: Èmi ni, Akọ̀wé mi. Ẹ dárí jì mí.
ỌLÁDÒṢÙ: Ẹ̀yin gan-an ńkọ́? Ẹ̀yìn ta lẹ tò sí?

MÙJÍBÁTÙ: Ẹ̀yìn yín.

Ọládòṣù wojú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ògiri.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Wọn ò tíì pe ìrun Alásárì tó fi kú.