Ọgbà Kejì ní Ilé Mutch

Ní ọdún 1967, bí ẹ bá dé Kinlarig tí ẹ béèrè ẹni tó mọ òdòdó dálíà gbìn jù, gbogbo ìlú ni yóò nawọ́ sí ilé Wattie Mutch. Wattie fúnra rẹ̀ yóò bá wọn nawọ́. Kì í ṣe pé òpùrọ́ ni ọkùnrin náà. Kò kàn sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè tó yẹ rí ni.

Èmi Effie Riach ni akọ̀wé ẹgbẹ́ olódòdó ìlú wa fún ọdún mẹ́tàlélógún. Ilé mi àti ilé Mutch fara kan ara wọn, mo sì lè rí gbogbo ẹ̀yìnkùlé wọn láti ojú fèrèsé ibi tí mo ti ń fọ abọ́. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ó ṣojú mi kòrókòró.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ ṣe pín láàárín tọkọtaya náà. Ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí afẹ́fẹ́ òkun wa lè gé ènìyàn létí, Elspet ìyàwó Wattie á fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn, á sì yọ àwọn isu dálíà tó dà bí ànàmọ́ kúrò nínú iyanrìn. Á kó wọn lọ sínú ilé gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn ilé, á tan sítóòfù kẹrosíìnì sí wọn. Nígbà tí wọ́n bá rú tó ìka ọwọ́, á fi abẹ gé ọ̀mùnú wọn, á tún ìyẹn gbìn sínú ìkòkò kéékèèké. Oṣù kẹfà ni wọ́n ń jáde síta, nígbà tí ìrì dídì bá ti kásẹ̀ nílẹ̀. Láti ìgbà náà, òun ló ń já ìrùdí ẹ̀gbẹ́ kúrò kí òdòdó kan ṣoṣo lè gba gbogbo agbára igi. Òun ló ń so agboòrùn mọ́ ọ̀pá lé òdòdó kọ̀ọ̀kan lórí nítorí òjò. Òun náà ló ń da ìkòkò tó ní koríko nínú dé orí ọ̀pá, kí àwọn kòkòrò onídìí ẹ̀mú tó ń jẹ òdòdó lè sá síbẹ̀, kó sì gbọ̀n wọ́n sínú omi gbígbóná láràárọ̀.

Wattie ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ ìdíje ẹgbẹ́ wa, òun ló ń gbé òdòdó márùn-ún tí òfin béèrè láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn dé orí tábìlì. Ìgbésẹ̀ mọ́kàndínlógún ni, ó sì máa ń sinmi lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a fọwọ́ kàn án, torí iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ ni.

Ìgbà mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti fín orúkọ rẹ̀ ní kíkún, Walter Mutch, sára ife fàdákà ẹgbẹ́. Ní ọdún tó ṣáájú, nígbà tó gba ife, ó dìde sọ̀rọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ òjò. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin Macrae tó fún un ní ìgbẹ́ fún ọgbà. Ó wá jókòó. Elspet wà ní ìlà kejì, ó fi àpò rẹ̀ lé itan, ó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹṣin.

Ní oṣù kìíní ọdún 1967 gan-an, Elspet wá bá mi ní ilé ìdáná pẹ̀lú ìwé òfin ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Mo gbé tíì fún un, kò wo tíì.

"Effie, mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún dálíà márùn-ún."

"Wattie ti ń forúkọ sílẹ̀. Òfin keje: ọgbà kan, olùdíje kan."

"Mo mọ òfin keje. Kí ni wọ́n ń pè ní ọgbà?"

Mo ṣí ìwé. "Ilẹ̀ tí a sọgbà yí ká, tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀."

"Ṣé wọ́n sọ bí ọgbà náà ṣe gbọ́dọ̀ ga tó?"

"Wọn ò sọ."

"Wọ́n ṣeun."

"Elspet, kí lò ń wá gan-an? Ife yẹn ṣáà wà nínú yàrá yín."

"Èmi ni mò ń nù ún ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, mo ti mọ ohun tí wọ́n fín sí i lórí. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí, Effie. Mo fẹ́ rí orúkọ mi lórí káàdì ẹ̀bùn àkọ́kọ́, lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ sára òkúta sàréè fún mi."

Mo mú tíì tèmi. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó ahọ́n.

Kó tó di ọjọ́ Àìkú, wáyà à-fi-sé-adìẹ ti la ẹ̀yìnkùlé Mutch sí méjì. Irin tó wà níbi orí ibùsùn àtijọ́ kan ni Elspet fi ṣe ilẹ̀kùn. Wattie jáde, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń dì mọ́ ògiri.

"Ta lo ń sé mọ́ta, ìyàwó mi?"

"Ìwọ ni."

"Ilé gíláàsì wá ńkọ́?"

"Ṣé o ò rí ibi tó bọ́ sí ni? Ọgbà mi ni."

"Èmi ni mo kọ́ ọ!"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ ọ. Ìwọ lo di àkàsọ̀ mú."

Elspet kò rẹ́ ẹ jẹ. Ó pín isu dálíà sí méjì, ó gbé ìdajì fún un pẹ̀lú àpótí àti iyanrìn. Oúnjẹ náà kò yí padà, torí oúnjẹ kò sí nínú òfin keje. Láràárọ̀ ó ń gbé ọ̀gì ọkà fún un lórí tábìlì, ó ń bi í bóyá ó sùn dáadáa, lẹ́yìn náà á gba ilẹ̀kùn onírin yẹn wọ ọgbà rẹ̀, á sì ti í.

"Òdòdó ṣá ni," ni Wattie ń wí fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ní ilé ọtí. "Fúnra rẹ̀ ló ń hù." Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Oòrùn mú díẹ̀ ní oṣù kẹrin, ọ̀gá wa bọ́ kóòtù, ó kó gbogbo dálíà rẹ̀ síta. Mo rí i láti ojú fèrèsé. Ǹ bá ti kìlọ̀ fún un, ṣùgbọ́n abọ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ìrì dídì oṣù karùn-ún dé, gbogbo rẹ̀ dúdú bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbàgbé lórí iná. Mẹ́ta ló kù. Ó wá dúró lẹ́bàá wáyà, ó di fìlà mú.

"Elspet, ewé eléyìí ń ká kò. Kí ni wọ́n ń ṣe sí i?"

"Ìwọ lo sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ lọ́dún tó kọjá. Rántí dáadáa."

Kò rántí. Ó yà sọ́dọ̀ mi.

"Effie, ṣé ìrùdí tó wà láàárín ni wọ́n ń já ni, àbí ti ẹ̀gbẹ́?"

"Lọ béèrè lọ́wọ́ Wattie Mutch," mo ní. "Òun ni baba ìsàlẹ̀ dálíà ní ìlú yìí."

Ó ní ìkà ni mí. Mo ní kó wọlé wá mu tíì.

Ohun kan wà tí kò wù mí láti sọ, torí ó máa ba ìtàn mi jẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdíje tó dé, ìjì jà lọ́sàn-án nígbà tí Elspet wà ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn agboòrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ. Wattie gun wáyà kọjá, ó ya ṣòkòtò, ó sì dúró ti àwọn dálíà Elspet aláwọ̀ òféèfèé fún wákàtí kan gbáko, agboòrùn kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, tí òjò ń pa òun alára. Nígbà tí Elspet dé, ó gba àwọn agboòrùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rán ṣòkòtò náà. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì máa fi pé, gbogbo ilé ọtí ti gbọ́ bí Wattie ṣe gba dálíà Kinlarig lọ́wọ́ ikú.

Ọjọ́ ìdíje dé. Lọ́dọ̀ wa, gbogbo òdòdó ló ń ní káàdì kan níwájú rẹ̀, ó dojú bolẹ̀ kí adájọ́ má baà mọ ẹni tó ni ín. Èmi ni mò ń kọ káàdì wọ̀nyẹn látinú fọ́ọ̀mù tí àwọn ènìyàn bá mú wá. Igba ó lé mẹ́rìnlá ni lọ́dún náà. Ọ̀sán méjì ni mo fi kọ ọ́, ọwọ́ mi sì rẹwà. Ẹ lè béèrè.

Adájọ́ wa ni Ọ̀gbẹ́ni Forsyth láti Elgin, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín kó tó jẹun ọ̀sán. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, ó ku èmi àtòun. Ó dé ibi dálíà márùn-ún ti Elspet, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn wọn, ó fi okùn wọ̀n wọ́n. Gbogbo wọn dọ́gba bí ọmọ ìyá kan náà.

"Kí ni wọ́n fi ń bọ́ wọn?" ó ní. "Rárá, ẹ má dá mi lóhùn." Ó lẹ bébà pupa mọ́ ọn. Ẹ̀bùn àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà ó dé ibi ti Wattie: òdòdó mẹ́ta àti ìrùdí méjì, kòkòrò onídìí ẹ̀mú kan sì wà nínú ọ̀kan, ó ń juwọ́ sí wa. Forsyth yọ kálàmù, ó kọ ọ́ pé márùn-ún ni òfin wí.

Ní agogo méjì, a ṣílẹ̀kùn. Elspet ló kọ́kọ́ wọlé, ó dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rí bébà pupa, ó dúró. Mo ti ń dúró dè é, ẹ̀rín ti kún ẹnu mi. Mo mú káàdì náà, mo yí i padà fún un pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.

Ohun tó wà níbẹ̀, ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó rẹwà, ni: Mísíìsì Walter Mutch.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń fi Wattie ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀. Elspet kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sórí fọ́ọ̀mù, mo sì rí i. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń fi orúkọ ọkọ kọ orúkọ abilékọ, bí ẹgbẹ́ wa ṣe ń kọ ọ́, ọwọ́ mi kò sì dúró béèrè lọ́wọ́ orí mi. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa wò.

Wattie ti dé lẹ́yìn wa. Ó tẹ̀ síwájú, ó kà á.

"Walter Mutch! Ẹ ò rí i? Ó di ogún!" Inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́.

"Ọwọ́ ta ni ó kọ èyí?" Elspet béèrè.

"Ọwọ́ mi ni," mo ní. "Elspet, dákun. Mo máa kọ òmíràn."

Forsyth wúkọ́. "Ìyá, òfin kejìlá wà níbẹ̀. Káàdì tí wọ́n bá tún kọ lẹ́yìn ìdájọ́, ẹ̀bùn rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lórí káàdì ni wọ́n máa fín sára ife, ẹ̀yin náà ṣáà nìyẹn."

"Èmi kọ́ nìyẹn," Elspet ní.

Èmi ni mo kọ òfin kejìlá. Ǹ bá ti sọ pé akọ̀wé ló ṣàṣìṣe, kì í ṣe olùdíje. Ǹ bá ti ya káàdì náà, kí n jẹ́ kí Forsyth bínú dé Elgin. Mo dúró síbẹ̀, mo di kálàmù mú. Ọwọ́ mi ni Elspet ti gbà á. Kò yára. Ó fa ìlà kan sórí ohun tí mo kọ, ó sì kọ ELSPET MUTCH sí abẹ́ rẹ̀, gàdàgbà gàdàgbà, títí ó fi kan etí káàdì. Ó gbé e ti ìkòkò òdòdó rẹ̀, ó tún un ṣe kó lè dúró dáadáa, ó sì sún sẹ́yìn láti wò ó. Wattie fi ọwọ́ àwọn ènìyàn sílẹ̀. Ó wo káàdì, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ṣí fìlà rẹ̀ fún un bí ẹni pé wọn kò pàdé rí.

Forsyth ká bébà pupa kúrò. Ó ní kí akọ̀wé ṣe ohun tó yẹ. Mo mú ìwé pélébé kan, mo kọ ọ́ pé a ti fagi lé ẹ̀bùn yìí gẹ́gẹ́ bí òfin kejìlá. Omi ń bọ́ lójú mi. Mo fọwọ́ sí i, mo fi í síwájú àwọn dálíà.

Elspet bẹ̀rẹ̀, ó kà á dé ìsàlẹ̀, ibi tí mo fọwọ́ sí: Mísíìsì George Riach, Akọ̀wé.

Ó mú àpò rẹ̀. "Bá mi kí George," ó ní, ó sì jáde.

Ọdún kẹsàn-án nìyẹn tí George ọkọ mi ti wà ní ìtẹ́ òkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.