Wọ́n Bá A Tọ́ Ọmọ Rẹ̀

Nígbà tí ìjọba fẹ́ dá òfin tó ń fi tipátipá sọ ọ̀dọ́ di sójà padà, kò sẹ́ni tó gbè é lẹ́yìn tó ìyá aránṣọ kan. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kì í jí títí oòrùn á fi ga. Bó bá sì jí, àwàdà ni iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un lọ," ló máa ń wí fún àwọn oníbàárà. "Wọ́n á bá mi tọ́ ọ sọ́nà."

Wọ́n mú un lọ lóòótọ́. Kò pẹ́ tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ ní ẹnubodè.

Ó ti ojú ogun padà dé láìfarapa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, á ti tẹ́ ibùsùn rẹ̀, á ti gbá ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá fọwọ́ kàn án léjìká, á ta gìrì, á ní, "Ẹ má bínú, mà," bí ẹni ń dá ọ̀gá lóhùn.

Oníbàárà kan rí i, ó ní, "Ìyá, ẹ kú oríire! Wọ́n ti sọ ọ́ di ọkùnrin."

"Ọkùnrin ni lóòótọ́," ìyá aránṣọ dáhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọmọ mi."

Ọmọ náà gbọ́. Ó kàn dúró ṣánṣán, ojú rẹ̀ kò yí padà.