Aago Mẹ́ta, Sátẹ́láìtì Mẹ́rìnlélógún

Inú ti ń bí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà kí n tó débi iṣẹ́ rárá. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ń darí sátẹ́láìtì láti ilẹ̀: tí ọ̀kan bá yà lójú ọ̀nà, èmi ni mo máa ń tì í padà. Wọ́n wá gbé ètò tuntun dé. Wọ́n ní kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún máa wọn àlàfo àárín ara wọn, kí wọ́n sì máa tún ọ̀nà ara wọn ṣe. Ọ̀gá ní tí wọn ò bá ṣìnà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, kí n gbé àga mi lọ sí yàrá fáìlì. Ọjọ́ náà ló pé.

Nílé, aago ọwọ́ mi ní ó yẹ kí n ti jáde. Ìyá ọkọ mi ní irọ́ ni.

"Aago pálọ̀, ti ilé ìdáná, ti ọwọ́ ọmọ rẹ, ohùn kan náà ni wọ́n ń sọ. Ṣé tìẹ nìkan ló gbọ́n ni?"

Ọkọ mi ní kí n jókòó mu tíì. Mo jókòó o, èmi olóríkunkun tí kì í gbọ́ràn!

Nígbà tí mo dé ẹnu géètì, ẹ̀ṣọ́ wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Ẹ kú iṣẹ́ àná o, mà." Mo ti fi ogójì ìṣẹ́jú pẹ́.

Ẹnjiníà tó ṣe ètò náà, tí a ń pè ní Ẹ̀rọ-ló-mọ̀, ti ń rẹ́rìn-ín níwájú ẹ̀rọ. "Màmá, ẹ wò ó. Kò sí èyí tó ń bá èkejì jiyàn." Ọ̀gá ti mú bírò láti fọwọ́ sí ìwé tó máa gbé mi lọ sí yàrá fáìlì.

Àfi bí ọ̀rọ̀ aago ilé ṣe sọ sí mi lọ́kàn. Mo pe ọmọ mi lórí fóònù lójú gbogbo wọn.

"Aago wo lẹ wò kẹ́ ẹ tó tún ti pálọ̀ ṣe?"

"Ti ilé ìdáná ni."

"Ti ilé ìdáná ńkọ́?"

"Tọwọ́ mi ni."

"Tọwọ́ rẹ ńkọ́?"

"Ti pálọ̀ ni, mọ́mì."

Mo pa fóònù. "Ọ̀gá, yàtọ̀ sí ara wọn, ta làwọn sátẹ́láìtì yìí ń bi léèrè?"

A kọjú eríálì ilẹ̀ sí ibi tí ètò náà sọ pé sátẹ́láìtì kẹsàn-án wà. A ò bá a níbẹ̀. Ìgbà tá a wá a rí, ó ti fi ọgbọ̀n kìlómítà kọjá síwájú. Ìkẹrin náà, bákan náà. Gbogbo wọn ti jọ yí lọ, àlàfo àárín wọn ò sì yẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, àmọ́ tiwọn, wọ́n fẹnu kò sórí irọ́ ni.

Ọ̀gá fa ìwé náà ya. "Láràárọ̀, máa wọn ọ̀kan láti ilẹ̀, kó o sọ ibi tó wà fún wọn. Má sì pẹ́ mọ́!"

Nírọ̀lẹ́, mo dé ilé lákòókò tí mo máa ń dé. Ìyá ọkọ mi wo aago pálọ̀, ó káwọ́ lérí.

"Yéè! Ó tètè dé! Wọ́n ti lé ìyàwó wa níbi iṣẹ́!"

Ọkọ mi dìde. "Pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á ṣe òmíràn."

Mo gun àga, mo sì yọ aago náà lára ògiri.

"Màmá, ẹ má sunkún. Ẹ kó aago yín wá, gbogbo yín, kí n fi tọwọ́ mi tún wọn ṣe."