Ọ́fíìsì Tó Léfòó Lórí Ìkòkò Ẹ̀fọ́ Mi

Ẹ gbọ́ àlá tí mo lá lóru àná, ẹ má sì bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. N kò mọ ìtumọ̀ àlá. Oúnjẹ ni mo mọ̀ ọ́n sè.

Láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ń ru, ìkòkò méjì ni mo ń gbé kaná: ńlá fún èmi àtàwọn ọmọ, kékeré tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan fún òun. Kì í fẹnu kàn án. Ẹran díndín ẹ̀bá ọ̀nà ló ń lọ jẹ, ẹ̀rù sì ń bà mí pé lọ́jọ́ kan yóò ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀.

Lójú àlá, mo ń ro ẹ̀fọ́ nígbà tí ìkòkò kékeré bú sẹ́kún. Ó ní, "Ìyá Tinúọlá, wọ́n ń sá fún mi bíi pé mo lárùn lára."

Mo ní, "Panu dé, ooru ń jáde."

Ooru náà ló gbé wa. Ilé ìdáná gbéra nílẹ̀, ó ń léfòó lókè igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé wa, ó sì ti di ọ́fíìsì. Mo bá bọ́ bàtà. Ọ̀gá mẹ́ta jókòó nídìí tábìlì tí wọ́n fi iṣu kàn. Ọkọ mi wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì náà, orí rẹ̀ nìkan ló yọ síta.

Ọ̀gá àgbà bẹ̀rẹ̀: "Ìgbìmọ̀ amúṣẹ́ṣe lórí àbójútó ìgbáyégbádùn àjùmọ̀jẹun…"

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kó yé mi. Ẹ̀fọ́ ń jóná."

Ó wúkọ́. "Bí kò bá jẹ ẹ̀fọ́ yìí, a ó ti dúrọ́ọ̀ pa. Kò ní jáde mọ́."

Mo sáré bu ẹ̀fọ́ ìkòkò kékeré sínú abọ́. Mo gbé abọ́ sún mọ́ ọn. "Bàbá Tinúọlá, ẹ jẹ ẹ́."

"Mi ò jẹ. Oúnjẹ aláìsàn ni."

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ̀jẹ̀ yín ń ru ni?"

"Ìdí tí mi ò fi jẹ ẹ́ nìyẹn! Ẹ ó máa pọ́n tiyín lá, èmi nìkan á jókòó ní kọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè kó kú."

Ó dùn mí, torí òótọ́ ni. Mo da ẹ̀fọ́ inú ìkòkò ńlá gba ojú fèrèsé. Igi ìbẹ́pẹ tọ́ ọ wò, ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Mo wá da irú, àlùbọ́sà, ata àti ẹja gbígbẹ sínú kékeré, mo ní, "Èyí ni gbogbo wa máa jẹ."

Bí òórùn irú ṣe gba ọ́fíìsì kan, ìwo hù lórí àwọn ọ̀gá náà. Wọ́n di ewúrẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò bọ́ táì. N kò janpata. Ewúrẹ́ kì í sọ gírámà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ki orí bọ ìkòkò.

Ọkọ mi pariwo, "Ẹ̀yin ẹran wọ̀nyí, ẹ fi tèmi sílẹ̀!" Ó fò jáde nínú dúrọ́ọ̀, ó fa ọ̀kan ní táì.

Ariwo yẹn ló jí mi.

Ilẹ̀ ti mọ́, ariwo sì ń ti ilé ìdáná bọ̀ lóòótọ́. Àwọn ọmọ ti se iṣu. Ọbẹ̀ tiwa ti tán lánàá, wọ́n bá gbé ti bàbá wọn. Tinúọlá ń sọ pé, "Dádì, ẹ̀yin ṣá kì í jẹ ẹ́."

"Ta ló sọ fún ẹ? Sún sọ́hùn-ún jàre."

Bàbá wọn gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí láàárín wọn. Nígbà tí mo yọjú, ẹnu rẹ̀ kún, ewé tẹ̀tẹ̀ kan rọ̀ sórí irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu lọ bí ewúrẹ́. Mo fọwọ́ bo ẹnu, mo padà sí yàrá, kí n má baà rẹ́rìn-ín kó sì gbé ṣíbí sílẹ̀.