Pákó Ẹnu Ọ̀nà Bàbá Lín

Oòrùn àárọ̀ wà lára pákó náà. Ó nà gbọọrọ sí ẹnu ọ̀nà ilé tuntun, ó dúdú, ó ń dán, kò ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Fadérera ń fi aṣọ nù ún, ó tún ń nù ún, bẹ́ẹ̀ eruku kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀.

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn lónìí, òun olùtọ́jú ilé ìkàwé. Ẹ wo ilé! Ilé ìkàwé àwọn ará Ṣáínà ní Ìbàdàn, tó ti ń ti ilé onílé bọ́ sí ilé onílé, òun náà ti di onílé. Atẹ́gùn ń gba ọ̀tún wọlé, ó ń gba òsì jáde.

Pálọ̀ Bàbá Lín, ará Ṣáínà tó dá a sílẹ̀, ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní Èkótẹ̀dó. Ìwé lórí àga, ìwé lábẹ́ àga, ìwé lórí bẹ́ẹ̀dì àlejò. Àlejò a wá ilẹ̀ sùn. Lẹ́yìn náà ni òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Mọ́kọ́lá, lórí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lẹ táyà. Èèyàn á máa kàwé jẹ́ẹ́jẹ́ lókè, táyà a bú gbàù nísàlẹ̀. Òjò a máa jò wọlé, Fadérera a máa gbé abọ́ kiri.

Ṣùgbọ́n nílé méjèèjì, pákó yìí wà lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nílé baba Bàbá Lín: a kì í tẹ̀ ẹ́, ńṣe ni a ń gbé ẹsẹ̀ ré e kọjá. Ó ti mọ́ Fadérera lára. Nílé ọkọ rẹ̀ pàápàá, níbi tí kò sí pákó kankan, á gbé ẹsẹ̀ gíga lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Bàbá Lín ti darúgbó, kò ríran mọ́. Nígbà tó gbọ́ pé táìsì lásán ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tuntun, pé kò sí pákó, ó ní kí wọ́n máa lọ láyọ̀, ẹsẹ̀ òun ti gbó ju kó tún máa kọ́ bí a ṣe ń wọ ilé mìíràn lọ. Fadérera sunkún lọ́jọ́ náà. Ilé ìkàwé wo ló kù láìsí Bàbá? Ó bẹ̀ ẹ́ kó kàn wá lẹ́ẹ̀kan péré. Kò sọ fún un pé káfíńtà ti lọ yọ pákó wá láti Mọ́kọ́lá. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ilé tuntun nìyí.

Ó ń bọ̀ báyìí. Ọ̀pá rẹ̀ ń kan sìmẹ́ńtì: kó, kó, kó.

Kọ̀. Ọ̀pá ti kan igi.

Bàbá dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá ojú ọgbẹ́ tí àpótí ìwé dá sára pákó lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó kúrò ní Èkótẹ̀dó. Ọwọ́ rẹ̀ bà á. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Bàbá Lín nàró, ó gbé ẹsẹ̀, ó ré pákó kọjá, ó wọlé. Láìyíjú padà, ó ń béèrè bóyá omi tíì ti hó, bó ṣe máa ń béèrè ní Èkótẹ̀dó, bó ṣe máa ń béèrè ní Mọ́kọ́lá.

Omi kò tíì hó. Fadérera nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó fi ń nu pákó, ó sì sáré tẹ̀lé e. Lẹ́nu ọ̀nà, òun náà gbé ẹsẹ̀.