Ihò Keje

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹnu ṣe ń ju ọwọ́ lọ, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Muideen, mẹkáníìkì kan ní Kétu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni píkọ́ọ̀pù Alhaji Àmúsà fi wà níwájú rẹ̀. Mọ́tò náà dàgbà ju Nimat, ọmọ Alhaji, lọ, ṣùgbọ́n òun ni Nimat fi ń kó àlùbọ́sà láti Mile 12 lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Gbàgádà. Àìsàn ẹyọ kan ló ń ṣe é: kò di síló mú. Bí èèyàn bá fẹsẹ̀ tẹ epo, á bú ramúramù bíi kìnnìún. Bó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, tó yẹ kó rọra máa kùn lójú kan, á kú.

Muideen ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. Ó ti pààrọ̀ pọ́ǹpù tó ń fa epo. Ó ní epo tí Nimat rà ló dọ̀tí. Ó ní ojú ọjọ́ ni. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, ó ní bóyá mọ́tò náà kò fẹ́ kí obìnrin máa wa òun. Irú dókítà tó jẹ́ pé aláìsàn ló máa ń jẹ̀bi.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọ̀rọ̀ náà ti sú Alhaji. Ó mú Felix wá láti Owódé Onírin, ẹni tó ń ra mọ́tò tó ti kú, tó ń gé wọn bí ẹran.

"Bí kò bá di síló mú kí wọ́n tó pe ìrun Alaasári," Alhaji wí, "kí Felix máa wọ́ ọ lọ."

Felix ti ń fọwọ́ pa mọ́tò náà lára bí ẹni tó ń yan àgbò iléyá. Nimat sáré bọ́ síwájú Muideen. Bí wọ́n bá gé mọ́tò yìí, iṣẹ́ òun náà ni wọ́n gé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tú kábúrétọ̀ yẹn kí n rí i."

Muideen bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí Nimat! Ṣé àlùbọ́sà náà ti ń lo kábúrétọ̀ ni?"

"Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ìgbà wo ni àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀?"

"Ta ló ń ka ọjọ́?"

"Èmi ń kà á. Kábúrétọ̀ ń jò, ẹ tú u, ẹ dì í padà. Láti ọjọ́ yẹn ni. Bí mo bá tẹ epo, ó ń sáré, àbí? Epo ń dé ibi tó ń lọ nìyẹn. Ọ̀nà tóóró tí síló ń gbà nìkan ló dí."

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọ̀nà yẹn!"

"Lórí tábìlì! Ẹ fọ́n ọn, ó là. Ẹ dì í, ó dí. Ẹ ò rí i pé dídì yín ló ń dí i?"

Felix pàtẹ́wọ́. "Ọ̀gá, madam don catch you o!"

Muideen fi ìbínú tú u. Láàárín apá òkè àti apá ìsàlẹ̀, wọ́n tẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì kan tí kì í jẹ́ kí epo jò, tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé lára páálí bisikíìtì; ìdajì àwòrán bisikíìtì náà ṣì wà lára rẹ̀. Nimat gbé e lé irin, ó ń fìka kà. Ihò méje ló wà lára irin. Mẹ́fà ló wà lára páálí. Ihò keje, tí kò tóbi ju orí ìṣáná lọ, ọ̀nà síló gan-an, páálí ti bò ó mọ́lẹ̀.

"Afọ́jú wo ló gé èyí?" Nimat pariwo. "Ọmọ jẹ́léósinmi á mọ méje kà! Àfi ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ náà jẹ́ páálí!"

Muideen kò bínú. Ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí oyin ń kán sí lẹ́nu.

"Èmi kọ́ o. Mo fẹ́ lọ wá ojúlówó ní Owódé. Daddy yín ló ní rárá, pé àwọn ti ń gé gásíkẹ́ẹ̀tì látìgbà táwọn ń wa lọ́rì lọ sí Kano."

Nimat rántí ìgbín tó fẹnu bú òòṣà. Alhaji kò wo ẹnikẹ́ni lójú.

"Felix, kí lo dúró ń wò? Wọ́ mọ́tò náà lọ."

Felix gbá okùn mú. Nimat rí i pé ẹnu òun ló fẹ́ pa ohun tí ọwọ́ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jí dìde. Ó yí padà sí Muideen.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó gé páálí kò pe ara rẹ̀ ní mẹkáníìkì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pe ara yín bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ gbé e lé irin. Ẹ ò ka ihò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!" Ó mú ìṣó kan nílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá rẹ̀. "Daddy, ó ku ẹyọ kan. Ẹ bá mi lu ú."

Alhaji wo ìṣó náà títí. Ó gbà á, ó kó ojú rẹ̀ súnmọ́ páálí, ó lu ihò keje.

Wọ́n dì í, wọ́n tan án. Nimat gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo. Mọ́tò náà ń kùn, jẹ́jẹ́, bí ológbò tó yó.

"Mo ti fura sí gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn tipẹ́," Muideen wí.

"Alhaji," Felix bi í, okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, "ṣé kí n má wọ́ nǹkan kan lọ mọ́ ni?"

"Bó bá jẹ́ dandan kóo wọ́ nǹkan," Alhaji dáhùn, "wọ́ Muideen."