Ìyá Mi Kúnlẹ̀ Nínú Lẹ́tà

Dàpọ̀, má rẹ́rìn-ín. Àlá òru àná ṣì ń dà mí láàmú. Nínú àlá náà, mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì láyé àtijọ́, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé lẹ́tà. Èsì ìyá mi sí lẹ́tà tí mo kọ sí i dé, ó rin gbìndìn. Bí mo ti tú u, òun gan-an ni mo bá nínú rẹ̀, kò ga ju ìka mi lọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá akọ̀wé, ẹ bá mi wá Àjàní, ọmọ mi."

Mo kígbe pé, "Màámi, èmi nìyí!"

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà."

Ìkúnlẹ̀ yẹn ni ó jí mi. N kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Jọ̀wọ́, yá mi ní fóònù rẹ. Mo fẹ́ gbọ́ kí Màámi pè mí ní Àjàní.